Ẹja, ojú ọjọ́ àti fóònù ọwọ́ ẹ: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni, mo sì fẹ́ràn ìṣirò gan-an. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí òjò, àrùn tàbí ẹja ṣe máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Èmi náà fẹ́ kọ́ ọ, àmọ́ mi ò ní láptọ́ọ̀pù, fóònù nìkan ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fóònù yẹn tó, má tíì sanwó kọ́ọ̀sì kankan o. Ṣí Google Sheets, áàpù tábìlì tó máa ń bá èèyàn ṣírò nọ́ńbà, ká ṣe ti ẹja inú adágún. Iye ẹja tí adágún náà lè gbà, ká pè é ní 1, a jẹ́ pé tá a bá ní 0.2, ìdá kan nínú márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni r × x × (1 − x): x ni ẹja tó wà, r ni bí wọ́n ṣe ń bí sí, (1 − x) ló ń fà wọ́n sẹ́yìn tí ààyè àti oúnjẹ bá ń tán.

Tẹ 0.2 sí A1 (àpótí àkọ́kọ́ ní òpó A), tẹ =2.5*A1*(1-A1) sí A2 tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ (2.5 yẹn ni r), kó o fà á wálẹ̀ dé ìlà 50. Á di 0.4, á di 0.6, á sì jókòó síbẹ̀. Fi 3.2 rọ́pò 2.5 ní A2, kó o tún fà á wálẹ̀, kò ní jókòó mọ́, ọdún kan 0.8, ọdún kejì bíi 0.51, bẹ́ẹ̀ láá máa ṣe.

Wá fi 4 síbẹ̀! Ibí ló dùn mọ́ mi jù, nọ́ńbà á kàn máa fò sókè sódò, bẹ́ẹ̀ fọ́múlà kan náà ni, kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀ rárá. Tún un ṣe ní òpó B, fi 0.2001 bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìlà 20 ọ̀nà wọn á ti pín. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Edward Lorenz ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1961, ó ń ṣírò ojú ọjọ́, ó tẹ 0.506 dípò 0.506127, ojú ọjọ́ mìíràn pátápátá ló jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ òjò ọ̀la, àmọ́ tẹ́nì kan bá ń dárúkọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ lóṣù mẹ́ta sí i, má gbà á gbọ́.

Robert May, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ọsirélíà, ló sọ fọ́múlà ẹja yìí di ìlú mọ̀-ọ́n-ká nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1976, ó ní kí wọ́n tètè máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé kakulétọ̀ lásán tó o. Mo fara mọ́ ọn gidi gan-an.

Adágún gidi ò rí báyìí tán ṣá, àwọn èèyàn ń pẹja, omi ń gbẹ, torí náà fi ohun tó jáde wé ẹja tẹ́nì kan kà lóòótọ́ kó o tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Fún ìsinsìnyí, gbé r sí 3.83, fà á dé ìlà 200, kó o kọ̀wé sọ fún wa ọdún mélòó ló fi ń padà sí nọ́ńbà kan náà.