Ọ̀bẹ ni Màmá ní kí ó mú wá, ọbẹ̀ ló gbé dé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làákàyè. Kí ẹlòmíràn tó bá ń kà á lè mọ ohun tí mò ń dáhùn: ìwé aláwòrán lẹ ń ṣe fún ọmọ ọdún 4 sí 7, ewì ni látòkè délẹ̀, ìdílé kan ní Abẹ́òkúta ló ń wá nǹkan ilé tó sọnù. Gbogbo ìlà lẹ fi “a” parí, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí ẹ kà á fún ń wo ojú fèrèsé. Atẹ̀wé tún fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́, àpótí òfìfo ló kún ibi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà. Ìṣòro méjèèjì, ọ̀rọ̀ ohùn ni.

Ìlà tó parí sí fáwẹ̀lì kan náà kì í dùn létí Yorùbá bó ṣe ń dùn létí Òyìnbó, ìdí rẹ̀ kò sì le. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló ń parí sí fáwẹ̀lì, fáwẹ̀lì àìránmúpè sì jẹ́ 7 péré, pẹ̀lú ìwọ̀nba aránmúpè. Kò sí wàhálà kankan nínú kí “àga” àti “ata” parí bákan náà; wọ́n ń pàdé láìsí ẹni tó pè wọ́n, etí ọmọ kò sì ní kà á sí eré. Ohun tí etí wa ń dúró dè ni ìlà tó lọ tó sì padà wá pẹ̀lú ohùn tó yí. Ẹ gbọ́ àlọ́ ẹ̀wà tí gbogbo wa mọ̀: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Kò sí ohun tó yí láàárín tindí àti tindì ju ohùn òkè tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ, ọmọ ọdún 3 á sì gbá a mú lẹ́ẹ̀kan. Irú ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ tó ń yàwòrán ìrísí nǹkan pọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń ṣe ohun kan náà. Ohun tó rí roboto tó sì tóbi, ròbòtò ni. Ohun tó rí bẹ́ẹ̀ tó kéré, róbótó ni. Ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá, ohùn òkè fún kékeré. Ẹ wo bó ṣe lè rí:

Kọ́kọ́rọ́ dà?
Mo wo inú ìkòkò ròbòtò, kò sí.
Mo wo inú abọ́ róbótó, kò sí.
Wá a lókè, wá a nílẹ̀, ó dà?

Ìlà kejì àti ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, orúkọ ohun èlò àti ohùn ọ̀rọ̀ kan ló yà wọ́n. Bí ẹ bá kà á, ọwọ́ àwọn ọmọ á kọ́kọ́ fẹ̀, á sì tún sún mọ́ra, láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni ègbè. Ẹ má jẹ́ kó ju sílébù 10 lọ (eléyìí jẹ́ 10 gééré), ẹ má sì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Ègbè tó ń yí lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí ọmọ gbè é. Bí ẹ bá fẹ́ oríṣiríṣi, inú ìlà tó wà láàárín ni kí ẹ ti wá a: omorogùn gbọọrọ, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, àwo pẹrẹsẹ.

Èyí tó dùn jù lọ nínú irú ìwé yìí ni àṣìgbọ́. Nǹkan sọnù, wọ́n rán ọmọ, ọmọ gbé nǹkan mìíràn dé nítorí ohùn nìkan:

Màmá ní, “Mú ọ̀bẹ wá!”
Táíwò gbé ọbẹ̀ wá.
“Ọ̀bẹ ni mo wí!”
Kẹ́hìndé bu ọbẹ̀ kún un.

Nínú àwòrán, ọ̀bẹ náà wà lábẹ́ ewé ewédú tí Màmá fúnra rẹ̀ ń já, èékù rẹ̀ nìkan ló yọ. Bákan náà ni Bàbá á ṣe máa wá ọkọ́ tí wọ́n á gbé ọkọ̀ ìṣeré fún un, tí Ìyá Àgbà á bèèrè igbá tí ẹnì kan á wọ́ igbà adẹ́mu wọlé. Mẹ́ta tó. Tó bá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti di iṣẹ́ ilé-ìwé, àwọn ọmọ á sì mọ̀. Ẹ má ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà sínú ewì rárá, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ya ọbẹ̀ tó ń hó nínú ìkòkò níwájú ẹni tó na ọwọ́ fún ọ̀bẹ. Ẹ má sì ké “mú ọ̀bẹ” kúrú sí “mọ́bẹ” torí pé ó yá lẹ́nu. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo eré náà. Bí ẹ bá pa á jẹ, kò sí ohun tó kù.

Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ibi tí nǹkan wà. Àwòrán ló ni iṣẹ́ yẹn. Mo rí i nínú ohun tí ẹ kọ pé ewì yín ń sọ pé “ó wà lábẹ́ àga” kí ọmọ tó rí àga. Ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ olórí ohun tí wọ́n ń wá. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ ìyá àgbà máa ń wà nílé wa? Ìṣẹ́tí ìró ni, ó ti so ó ní kókó, ó sì ti gbàgbé. Kí kókó náà hàn lójú ewé kọ̀ọ̀kan tí Ìyá Àgbà bá wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí etí kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ idẹ sì yọ díẹ̀ lára rẹ̀. Lórí ìwé tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 21 níbùú àti lóròó, kókó náà kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ńtímítà 1, nítorí olùkọ́ á gbé ìwé náà sókè, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ má lo àwọ̀ idẹ fún nǹkan mìíràn kankan títí wọ́n á fi rí kọ́kọ́rọ́. Bí ìgò òróró bá tún pọ́n bẹ́ẹ̀, tí aṣọ fèrèsé náà pọ́n bẹ́ẹ̀, ojú ọmọ á rìn lọ.

Ohun kan tí mi ò fi ṣeré: ẹ má fi nǹkan pamọ́ sínú kànga, sẹ́yìn sítóòfù, sí ihò iná mànàmáná tàbí sínú ìgò kẹrosíìnì, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ wuyì tó. Ọmọ á pa ìwé dé, á sì lọ ṣe é. Abẹ́ ibùsùn, inú agbọ̀n aṣọ, inú gèlè, àárín àpótí ìrókò, inú fíríìjì (ibẹ̀ ni rìmóótù tẹlifíṣàn sábà máa ń wà), wọ́n tó.

Ó yá, ojú ewé. Ìwé tí wọ́n fi wáyà gún láàárín gbọ́dọ̀ ní iye ojú ewé tí 4 lè pín dọ́gba, nítorí bébà kan tí a ṣẹ́ po ń mú ojú ewé 4 jáde. 32 làwọn òǹṣèwé sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n fún ewì kúkúrú, ẹ mú 24, owó á dínkù. Ojú ewé 1 ni àkọlé. Láti 2 àti 3 títí dé 22 àti 23, ìṣísí (ojú ewé méjì tó kọjú síra) 11 ni ẹ ní. 24 á dá dúró. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ-lórí-ara (copyright) lè lọ sínú ẹ̀yìn ìwé. Kí ìṣísí kọ̀ọ̀kan má ju ọ̀rọ̀ 30 lọ, kí ìbéèrè máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ọ̀tún, kí ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ lè ní ìdí tó fi ń ṣí i.

Níbi 12 àti 13 nìkan ni ojú ewé méjèèjì ti wà lórí bébà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi àwòrán tó fẹ̀ jù lọ sí: ẹ gbé ìdílé náà gun Olúmọ, kí pàánù ilé dídógùn-ún tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, kí Táíwò máa pariwo “ó dà?” láti orí àpáta. Ní àwọn ìṣísí yòókù, bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé láàárín, àwòrán tó kọjá lè yẹ̀ ní mílímítà 1 tàbí 2. Ẹ má fi ojú ènìyàn tàbí nǹkan tí wọ́n fi pamọ́ sí sẹ̀ńtímítà 1 àbọ̀ tó sún mọ́ ìṣẹ́po. Létí òde, kí àwòrán kọjá ibi gígé ní mílímítà 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà funfun á máa yọ létí ìwé níbi tí ọ̀bẹ ìgébébà bá ti yẹ̀.

Ẹ ní ẹ fẹ́ kí aṣọ inú rẹ̀ jẹ́ àdìrẹ ọjà Ìtòkú, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n búlúù aró ni àwọ̀ tó ń tètè dójú ti ènìyàn lórí bébà. Lójú kọ̀ǹpútà ó máa ń dára, nítorí RGB (ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù) ni kọ̀ǹpútà ń lò. Bó bá di CMYK (yíǹkì mẹ́rin tí atẹ̀wé ń lò), bí magenta (yíǹkì pupa rẹ̀) bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó cyan (yíǹkì búlúù rẹ̀), aró á di àwọ̀ àlùkò. Ẹ jẹ́ kí magenta fi ó kéré tán 30% rẹlẹ̀ sí cyan: bí cyan bá jẹ́ 100%, magenta má ju 70% lọ. Àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 dpi (ẹ̀kán 300 nínú ínǹṣì kan) ní bó ṣe máa tóbi tó lórí ìwé gan-an. Fún bébà inú, art paper aláìdán 135 tàbí 150 gsm (bí bébà ṣe wúwo sí) dára, ẹ̀yìn ìwé 250 sí 300, kí wọ́n sì laminate rẹ̀ (kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó), ọwọ́ ọmọ kì í gbẹ.

Ọ̀rọ̀ àpótí òfìfo wàyí. Ẹ́ kò ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tó ní àmì abẹ́ ni, a wá gbé àmì ohùn lé e. Fóǹtì (irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e léra á fi àpótí sí i, tàbí kó jẹ́ kí àmì ohùn lọ jókòó lórí lẹ́tà kejì. Andika ni kí ẹ lò: wọ́n ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, a rẹ̀ sì rí bí a tí ọmọ ń fọwọ́ kọ. Charis SIL àti Noto Sans náà gba àmì wa dáadáa. Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní pọ́ìntì 20 sí 24, kí ìlà jìnnà síra ní ìlọ́po kan àbọ̀, kí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ má baà lu àmì abẹ́ ìlà òkè. PDF tí fóǹtì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fún atẹ̀wé, kì í ṣe Word. Ẹ kọ ìlà yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ àpẹẹrẹ, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó lórí bébà: Ẹ́ ẹ̀ Ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ ń ǹ. Bí ṣ bá jáde pẹ̀lú ìrù dípò àmì abẹ́, ti Turkey ni wọ́n fi sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò lè tẹ àmì, kí ẹ yọ wọ́n, ẹ má gbà. Ní 1859 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta níhìn-ín. Nínú ìwé tí ọ̀bẹ àti ọbẹ̀ ti ń ṣeré, ẹni tó yọ àmì ti yọ ìtàn.

Ẹ tètè gba ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) lọ́dọ̀ National Library kí ayàwòrán tó parí ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni àmì onílà rẹ̀ (barcode) ń gbé. 978-978 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ojú ewé 24 yẹn, ẹ má fi ìkíni dí i. Kọ́kọ́rọ́ ti dé ní 22, gbogbo ará ilé ti jó ijó. Kí ó ku ìlà kan: “Kọ́kọ́rọ́ dé o. Àgádágodo dà?”

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ayàwòrán, ẹ ṣẹ́ bébà A4 mẹ́fà po, ẹ gún un láàárín, 24 nìyẹn. Ẹ fi bírò kọ ewì sí i, ẹ ya igi lásán sí ibi tí ènìyàn yóò wà, kí ẹ kà á fún ọmọ bíi mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdánudúró ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti ń pe “ó dà?” mọ́ yín lẹ́nu kí ẹ tó ṣí ojú ewé 8, ẹ lè lọ bá ayàwòrán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ègbè ni kí ẹ padà lọ tún ṣe.