Báwo ni a ó ṣe tú “goshala” sí Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìtàn kan láti Íńdíà ni mò ń tú sí Yorùbá. Àgbẹ̀ inú rẹ̀ fa màlúù rẹ̀ lọ sí “goshala”, ó sì sunkún délé. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá? Ṣé kí n pè é ní gáà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní gáà. Darandaran àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé gáà. Màlúù ni wọ́n kọ́ goshala fún. Èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ní Íńdíà, ló ti wá: “go” ni màlúù, “śālā” ni ilé tàbí gbọ̀ngàn. Śālā yìí náà ló wà nínú “pathshala”, ilé ẹ̀kọ́, àti “dharamshala”, ilé tí àwọn tó ń lọ jọ́sìn máa ń wọ̀ sí lọ́nà, tó tún jẹ́ orúkọ ìlú tí Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, ń gbé. Tó bá jẹ́ ìtàn ayé àtijọ́ ni, “ibùso màlúù” ti tó.

Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ, akọ tí katakata ti gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó yarọ, àwọn ni wọ́n ń kó síbẹ̀, tí wọ́n ń fún ní koríko àti omi títí ọjọ́ ikú wọn. Ẹran ọ̀wọ̀ ni màlúù lójú ẹlẹ́sìn Híńdù. Abala 48 nínú ìwé òfin Íńdíà ti 1950 ní kí ìjọba gbìyànjú láti fòpin sí pípa á, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti fi òfin dè é. Àgbẹ̀ tí kò lágbára àtibọ́ ọ mọ́ kò lè tà á fún alápatà, ibẹ̀ ló kù tó lè mú un lọ. Èmi yóò kọ “ilé ìtọ́jú màlúù” nígbà àkọ́kọ́, kí n wá máa lo “goshala” lẹ́yìn náà.

Bí ìtàn náà bá kan ìgbéyàwó, ẹ ó bá “gotra” pàdé. “Go” yìí náà ló wà nínú rẹ̀: nínú Rigveda, ìwé mímọ́ àtijọ́ ti àwọn Híńdù, ọgbà màlúù ló túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ìran tó ti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan ṣẹ̀. Àwa náà ní agbo ẹran, a sì ní agboolé. Gotra kan náà kì í fẹ́ra, nítorí náà “ìran” ni kí ẹ kọ, kí òǹkàwé lè mọ ìdí tí àwọn òbí fi kọ̀.

Bí ẹ bá sì rí “panjrapole”, pàápàá tí ìtàn bá ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, ilé ìtọ́jú ẹran lóríṣiríṣi ni, kì í ṣe ti màlúù nìkan; ẹ má mẹ́nu ba màlúù nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn Íńdíà kan tó kọ pípa ohun ẹlẹ́mìí, ló sábà máa ń dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń gba ewúrẹ́, ẹyẹ àti ẹran aláìsàn mìíràn síbẹ̀.