Ta ni Joaquín Sorolla, irú àwòrán wo ló sì ń yà?

Ayàwòrán ọmọ Valencia ní Sípéènì ni, wọ́n bí i ní 1863. Àrùn kọ́lẹ́rà pa bàbá àti ìyá rẹ̀ ní 1865, ìdílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Wọ́n máa ń kà á mọ́ àwọn impressionist (àwọn ayàwòrán tó ń fi àwọ̀ ya bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lójú ẹsẹ̀), àmọ́ lójú tèmi, oòrùn inú àwòrán tirẹ̀ mú ju ti àwọn ará Faransé lọ: ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́, ọkọ̀ apẹja, aṣọ funfun létí òkun. Àfihàn rẹ̀ ní New York ní 1909 fa èrò rẹpẹtẹ. Hispanic Society, àjọ kan ní New York tó ń gbé àṣà Sípéènì lárugẹ, wá gbé iṣẹ́ yíya àwòrán gàgàrà 14 nípa Sípéènì fún un; ó parí wọn ní 1919. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 1920, ó sì kú ní 1923.