Omi mélòó ni kí n kán sí wisikí inú àgbá Port?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ta mí lọ́rẹ ìgò wisikí single malt kan (èyí tí ilé ìpọntí kan ṣoṣo fi ọkà báálì tó ti hù ṣe), wọ́n kọ "Port cask" àti 56% sí i lára. Mo mu ún lásán, ó ta mí lẹ́nu bí ata. Mo bu omi sí i, ó wá ṣe tẹ̀ẹ́ lẹ́nu mi. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, omi kọ́ ló jẹ̀bi, bí o ṣe bù ú ni. "Port cask" ni àgbá igi tí wọ́n fi wisikí rẹ pamọ́ sí; wọ́n ti fi wáìnì Port ti ilẹ̀ Potogí sínú rẹ̀ rí. Port máa ń dùn, nítorí pé wọ́n ń da ọtí líle lé e kí ṣúgà inú èso àjàrà tó tán. Igi mu nínú rẹ̀, wisikí sì wá ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ àti òórùn èso tó pọ́n ti wá. Lẹ́nu tèmi, adùn èso yìí ni omi máa ń kọ́kọ́ gbé lọ. Mo máa ń ṣọ́ omi lò pẹ̀lú ọtí àgbá Port ju ọtí tó ń rùn bí èéfín lọ.

Da mílílítà 25 sínú ife tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kó jọ. Má ti imú bọ inú ife o! Ọtí 56% á jó o nímú, o ò sì ní gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́ fúngbà díẹ̀. Gbé ife sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, la ẹnu díẹ̀, kí o máa fa òórùn náà. Tọ́ ìwọ̀nba tó lè rin ahọ́n wò, kí o yí i káàkiri ẹnu kí o tó gbé e mì. Má fi ti àkọ́kọ́ ṣèdájọ́, ẹnu ṣì ń yà ahọ́n nìyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń sọ òótọ́.

Ìgbà yìí ni omi tó kàn: omi tí kò rùn, tí kò sì tutù, nítorí òtútù ń pa òórùn. Fi ṣíbí kán an sí i. Bí o bá gbé ife síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wàá rí i tí omi ń lọ́ bí òróró nínú ọtí. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú díẹ̀, má fòyà, èròjà ọlọ́ràá tí wọn ò sẹ́ kúrò ni. Kán, gbọ́ òórùn, tọ́ wò, tún kán. Ṣíbí tíì kan, ìyẹn mílílítà 5, á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 47%, ibẹ̀ sì ni èmi máa ń dúró sí.

Mo fura pé omi tó bá ọtí dọ́gba lo dà. 28% nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà kí wisikí Skọ́tíláńdì wà nísàlẹ̀ 40% nínú ìgò. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, má dà á nù: bu ọtí tí kò lómi lé e. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi bá yá jù.