Ṣé ó ṣì yẹ kí n kọ́ ATM ti nẹ́tíwọ̀kì (kì í ṣe ti báńkì), ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán ẹ̀gbọ́n. Yaba ni mo ń gbé, field engineer ni mí lọ́dọ̀ kọ́ńtírákítọ̀ kan tó ń bójú tó transmission. Fíbà àti IP/MPLS (nẹ́tíwọ̀kì tó ń fi nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní label darí pákẹ́ẹ̀tì) ni mo mọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ kan fún wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a fẹ́ kó àwọn láìnì àtijọ́ tó ṣì wà lórí ATM (Asynchronous Transfer Mode, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé ohùn àti dátà pọ̀) bọ́ sórí IP, ọ̀gá mi wá ní kí n lọ kọ́ ATM dáadáa, kó kọjá ti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ṣí, VPI, VCI, AAL ni wọ́n ń tò sílẹ̀, orí mi ti ń yí. Báwo ni kí n ṣe kọ́ ọ, àbí kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́ ọ o, má fi falẹ̀ rárá. Tó ò bá mọ ohun tí ATM ń ṣe fún láìnì yẹn látẹ̀yìnwá, o máa kó o dé orí IP tán, kọ́sítọ́mà á ní wọ́n ti ba nẹ́tíwọ̀kì òun jẹ́, o ò sì ní mọ ibi tó o máa kọ́kọ́ wò.

Gbé àwọn VPI àti AAL yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mú bírò àti ìwé, torí ìṣirò lo máa fi mọ ATM, kì í ṣe àkọ́sórí. Sẹ́ẹ̀lì, ègé tí ATM ń gé ẹrù sí, báìtì 53 ni ọ̀kan, 5 jẹ́ header tó ń sọ ibi tó ń lọ, 48 tó kù ló ń gbé ẹrù. Kí ló dé tó fi kéré báyẹn? Ronú E1, irú láìnì àtijọ́ kan tó ń gbé 2.048 Mbps. Tí pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1500 bá bọ́ sórí ẹ̀ á lò tó 6 ms kó tó kọjá tán, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù á wá dúró sẹ́yìn ẹ̀, bí dáńfó ṣe ń há sẹ́yìn tírélà lórí Eko Bridge tí ò rí ọ̀nà yà á sílẹ̀. ATM wá gé gbogbo ẹrù sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà, sẹ́ẹ̀lì kan ò lò ju nǹkan bí 0.2 ms lórí E1 yẹn, ohùn á ráyè bọ́ sáàárín. 48 yẹn gan-an, ìlàjà ni: àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ 64, àwọn ará Yúróòpù fẹ́ 32 torí bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe tóbi tó ni ohùn á ṣe pẹ́ tó kó tó kún un, wọ́n bá mú àárín méjèèjì.

Ó yá, ṣírò. Pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1500, fi LLC/SNAP (àmì tó ń sọ irú ẹrù tó wà nínú) 8 kún un, fi trailer AAL5 (ìrù tí AAL5, ìpele tó ń gé pákẹ́ẹ̀tì sí sẹ́ẹ̀lì, ń fi sí ìparí) tó jẹ́ 8 kún un, ó di 1516. Pín in sí 48, sẹ́ẹ̀lì 32 ló máa gbà, 1696 báìtì ló sì máa lọ lórí wáyà. Tí ẹyọ kan bá sọnù nínú 32 yẹn, CRC AAL5, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, ò ní bára mu, gbogbo 1500 náà dànù nìyẹn. Ibi tó o ti máa lóye ATM nìyí o, má kọjá ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tójú mi rí. Láìnì kan láti Marina sí Àpápá, 1 Mbps, kọ́sítọ́mà ní ping ń lọ, login ń lọ, ṣùgbọ́n fáìlì ò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, a pààrọ̀ wáyà, a pààrọ̀ káàdì, ńṣe ló dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá jókòó ṣírò PCR (Peak Cell Rate, iye sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù tí láìnì lè rán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni mo rí i: switch ka 1 Mbps yẹn pẹ̀lú báìtì 53, ó di sẹ́ẹ̀lì 2358 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ráútà tiẹ̀ ka 48 nìkan, ó ń rọ́ 2604 síta. Policer, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àdéhùn nínú switch, ń já ohun tó lé dànù, ó ju sẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án lọ nínú ọgọ́rùn-ún, o sì ti mọ̀ pé pákẹ́ẹ̀tì ńlá kan, sẹ́ẹ̀lì 32 ni. Èwo ló máa kọjá? Ping kékeré ò gbà ju sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, kì í sì í rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti fáìlì, ìyẹn ló ṣe ń rí ọ̀nà lọ. Ó dùn mí gan-an torí àwọn èèyàn yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà traffic contract ni kó o gbájú mọ́, àdéhùn àárín kọ́sítọ́mà àti nẹ́tíwọ̀kì. Mọ PCR, SCR (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì tó lè máa lọ lápapọ̀), MBS (iye sẹ́ẹ̀lì tó lè rọ́ jáde léraléra), mọ ohun tí bit CLP ń sọ (sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa kọ́kọ́ já dànù), mọ ìyàtọ̀ CBR (ìwọ̀n tí kì í yí) sí VBR (èyí tó ń yí) sí UBR (èyí tí kò ní ìlérí kankan), kó o fọwọ́ ara ẹ ṣe GCRA, ìṣirò tí policer ń lò, lórí ìwé títí tó o fi lè sọ sẹ́ẹ̀lì tó máa kọjá àti èyí tó máa dànù. I.371, ìwé ìlànà ti ITU-T (àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà tẹlifóònù), ló ṣàlàyé ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí sáìtì wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni OAM (sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń yẹ láìnì wò), I.610. F4 fún VP (ọ̀nà ńlá tó kó ọ̀pọ̀ VC pọ̀), F5 fún VC (ọ̀nà kọ̀ọ̀kan), loopback ẹ̀ sì ni ping ATM, òun lo máa fi mọ ibi tí láìnì ti já lóru ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ máàsì 3G àtijọ́ lo bá níbẹ̀, AAL2, ẹ̀gbọ́n AAL5 tí wọ́n ṣe fún ohùn, ló ń gbé ohùn lórí Iub (láìnì àárín máàsì àti ẹ̀rọ tó ń darí ẹ̀), IMA ló sì máa ń so E1 mélòó kan pọ̀, yẹ E1 kọ̀ọ̀kan wò, má kàn wo gúrúpù lápapọ̀. VPI/VCI, nọ́ńbà VP àti VC, ò ní pẹ́ yé ẹ torí o mọ MPLS, ńṣe ni switch kọ̀ọ̀kan ń pààrọ̀ nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ label, kó o ṣáà má fi kọ́sítọ́mà sórí VCI 0 sí 31, wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀. PNNI, bí switch ATM ṣe ń wá ọ̀nà fúnra wọn, lè dúró. RFC 4717, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ò lè dúró ní tiẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń gbé sẹ́ẹ̀lì ATM gba inú MPLS ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe gan-an sì nìyẹn.

Fún ìdánrawò, má lọ náwó sórí irin àlòkù. GNS3, sọ́fítíwià tó ń ṣe bíi nẹ́tíwọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà, ní switch ATM tiẹ̀, fi ráútà Cisco 7200 méjì tó ní káàdì PA-A1 sí i, wàá rí bí PVC (VC tí wọ́n tò sílẹ̀ pátápátá) ṣe ń dìde. Switch yẹn ò ní já sẹ́ẹ̀lì ẹ dànù bíi policer tòótọ́ o, ìyẹn ni mo ṣe ní kó o fi ìwé ṣe GCRA.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gba tábìlì gbogbo VP àti VC tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wo kọ́lọ́ọ̀mù PCR, kó o bi wọ́n bóyá 53 ni wọ́n fi kà á àbí 48.