Ọmọ Ọlọ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ìyá Yín

Arábìnrin wa tó kọ̀wé láti Kàbà, okun o.

Ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ wo Marnie, fíìmù Alfred Hitchcock ti ọdún 1964, àti pé láti alẹ́ ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú yín, nítorí ẹni tó ń kan fèrèsé nínú àlá Marnie, obìnrin inú fíìmù náà, ni ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ láti kékeré. Ẹ kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá yín pọ̀n yín lóru kúrò ní ìlú tí ẹ ń gbé lókè ọya, tí wọ́n gbé yín wá sí Ìsánlú, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí. Ọkọ yín wá ní dandan ni kí ẹ jọ lọ ní Sátidé, kí màmá sọ ohun gbogbo lójú òun.

Ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ti ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí Mark, ọkọ Marnie, tí Sean Connery ṣe: ó ká Marnie mọ́ olè jíjà, ó fi ìyẹn dè é mọ́lẹ̀ títí ó fi fẹ́ ẹ, ó sì fi agbára bá a sùn nínú ọkọ̀ ojú omi. Òun kan náà ló fà á lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Baltimore láàárín òjò àti àrá kí ó lè rántí, èmi kò sì lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùgbàlà.

Ẹsẹ̀ ìyá Marnie ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Nígbà tí ọmọ gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyá ní kí ó rọra, ẹsẹ̀ ń dun òun, a sì rò pé kò fẹ́ràn ọmọ náà ni. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ó parí la tó mọ̀ pé alẹ́ tí Marnie, ọmọdé, fi irin ìkoná lu atukọ̀ kan pa ni ẹsẹ̀ náà farapa, àti pé ìyá ló gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Nígbà tó rí i pé ọmọ kò rántí, ó kà á sí àánú Ọlọ́run, ó sì panu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ alẹ́ náà ló jẹ́ kí Marnie máa sá fún àwọ̀ pupa, àwọ̀ tí àwọn ènìyàn wa ní Bùnú fi ń hun aṣọ ìsìnkú olóyè láyé àtijọ́, tí ó sì jẹ́ ọlá lójú tiwọn.

Ẹ̀yin náà kọ ohun kan, ẹ sì sáré kọjá lórí rẹ̀: pé títí di òní, ìyá yín kì í sùn láìgbé ọmọ ọlọ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ìyá tiyín nìyẹn. Ẹ̀tọ́ yín ni kí inú bí yín pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ayé yín pamọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń tẹ̀ gbé òkúta ní alaalẹ́ kò tíì kúrò nínú òru ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọjọ́ òkú tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó tí ilé kún, kí ẹ sì sùn tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá wọn bó ẹ̀gúsí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ọmọ ọlọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ fúnra yín gbé e ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó béèrè pé, “Ìyá mi, ta ni à ń ti ilẹ̀kùn mọ́?” Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sùn, ẹ lọ sùn, ẹ má tún un béèrè lóru ọjọ́ náà. Bí oorun kò bá sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sọ ti fèrèsé náà fún un láìbò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ọkọ yín, kí wọ́n dúró sí Kàbà. Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù, kí wọ́n má béèrè bóyá màmá ti sọ̀rọ̀. Kí wọ́n béèrè bóyá ẹ ti jẹun.