Kí ló ń jẹ́ sọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an?

Ẹnì kan béèrè pé ṣé gbogbo ewì tó bá ṣáà ti ní ìlà 14 la lè pè ní sọ́nẹ́ẹ̀tì, àti pé ṣé ó ṣeé kọ ní Yorùbá.

Ó tì o. Ìlà 14 ni ara rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́rí padà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Sonetto, ìyẹn orin kékeré, ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Giacomo da Lentini, akọ̀wé òfin láàfin Frederick Kejì ní Sicily, ni wọ́n gbà pé ó dá a sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1230 sí 1240. Pé akọ̀wé òfin ni kò yà mí lẹ́nu: ìlà 8 àkọ́kọ́ á ro ẹjọ́, ìlà 6 tó kù á dá a.

Petrarch, akéwì ará Ítálì, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ìró méjì péré ló fi ń parí ìlà 8 àkọ́kọ́. Èyí kò nira ní Ítálì, torí fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, bíi tiwa. Nígbà tí akéwì kan, Thomas Wyatt, gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, iṣẹ́ dé: ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn jọra ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ni akéwì mìíràn tó jẹ́ ìjòyè, Henry Howard, Earl ti Surrey, bá tún un tò: ìlà mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà 3, ìlà 2 kẹ́yìn.

Ìlà 2 ìgbẹ̀yìn yẹn ni Shakespeare mọ̀ ọ́n lò. Nínú sọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 154 tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1609, ọ̀kan wà tó fi ìlà 12 sọ pé ojú olólùfẹ́ òun ò jọ oòrùn, irun rẹ̀ dà bíi wáyà, èémí rẹ̀ ò ta sánsán. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó ní ó ń bú u ni. Àfi ìgbà tó kù ìlà 2, ló bá búra pé olólùfẹ́ òun ò kéré sí èyíkéyìí tí wọ́n fi irọ́ yìn.

Ní ti Yorùbá, ó ṣeé kọ. Kí ìparí ìlà máa jọra ò fi bẹ́ẹ̀ dùn létí wa. Ohùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún wa. Bí ìlà kan bá parí sí "ìlú", ẹ jẹ́ kí èkejì rẹ̀ parí sí "ìlù". Bó bá wá di ìlà kẹsàn-án, tàbí ìkẹtàlá, kí ọ̀rọ̀ ṣẹ́rí padà.